Ìfẹ́ Ìlú Lọ́rùn Ọmọ Ọdún Mẹ́tàdínlógún

Tí ẹ bá wọ ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Texas ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, ẹ lè rò pé wọ́n ti kó ìlú náà lọ. Ṣọ́ọ̀bù ti tì, ilé oúnjẹ ti tì, ọkọ̀ kankan kò sí níwájú kóòtù. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé girama ìlú náà sára fèrèsé báńkì, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó fi ojú àwọn àlejò rí. Níwájú àwọn ilé kan, ẹ ó rí pátákó kékeré tí wọ́n rì mọ́ inú koríko: orúkọ ọmọ, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú akoto ní abíyá. Ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú kí ẹ tó mọ ibi tí gbogbo wọn wà. Ìmọ́lẹ̀ ńlá kan á tàn ní ìpẹ̀kun ìlú, ẹ ó sì ti máa rí i láti òkèèrè, nítorí kò sí òkè tàbí igbó tó máa dí i.

Abẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn ni mo ti ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi kì í ṣe kóòṣì, n kò sì gbá irú bọ́ọ̀lù yìí rí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo gbá ní Ìbàdàn kí n tó kúrò nílé. Ìtọ́jú ara àwọn eléré ni iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń di téèpù mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, èmi ni mò ń wo orúnkún tó wú, èmi náà ni mò ń sáré wọ pápá bí ọmọ kan bá ṣubú tí kò dìde. Ilé ìwòsàn kan ló gbà mí síṣẹ́, òun ló sì ń yá mi fún àwọn ilé ìwé kéékèèké tí agbára wọn kò gbé e láti ní ẹni tiwọn. Àwọn ọmọ ń pè mí ní "Doc". Mo ti sọ ọ́ títí pé n kì í ṣe dókítà, ó ti sú mi.

Fúbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sá lọ, tí àwọn ọmọkùnrin ń fi èjìká àti akoto ya lu ara wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ó ṣe ń gba àwọn ìlú wọ̀nyí lọ́kàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìtàn Odessa ló gbọ́. Ní 1988, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ H. G. Bissinger kó ẹbí rẹ̀ láti Philadelphia wá síbẹ̀, ó sì bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé Permian rìn fún sáà kan gbáko. Ìwé tó kọ, Friday Night Lights, jáde ní 1990. Wọ́n fi ṣe fíìmù ní 2004, wọ́n tún fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ní 2006. (Odessa kì í kúkú ṣe ìlú kékeré, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà sún mọ́ 90,000. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, ìwà ìlú kékeré ló ń hù.) Ní 1986, iye owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀ pápá ìṣeré Ratliff, tí wọ́n ṣí ní 1982, tí àyè ìjókòó rẹ̀ tó bí 19,000, ń kún dẹ́nu. Ọdún tí Bissinger wà níbẹ̀ ni James Miles, tí gbogbo ayé ń pè ní Boobie, ọmọ tí àwọn yunifásítì ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́, fi orúnkún ṣèṣe nínú eré ìdánrawò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún náà ni ilé ìwé Midland Lee fi àmì ayò kan ṣoṣo na Permian, 22 sí 21, tí àwọn kan sì lọ rì pátákó "ilé títà" síwájú ilé Gary Gaines, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gaines yìí kan náà gba ife ìpínlẹ̀ láìpàdánù eré kankan, ó sì kẹ́rù rẹ̀, ó gba yunifásítì Texas Tech lọ. N kò tíì pàdé kóòṣì kan ní agbègbè yìí tí kò mọ ìtàn pátákó yẹn.

Ìbínú ni àwọn òǹkàwé máa ń rántí nínú ìtàn Odessa. Ohun tí ojú èmi ń rí yàtọ̀ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún mọ bí wọ́n ṣe ń kojú ìbínú. Ojoojúmọ́ ló ń bá bàbá rẹ̀ fà á. Ohun tí kò mọ bí òun ṣe máa kọ̀ ni inúure. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ìyá ìjọ á se oúnjẹ fún ẹgbẹ́ náà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa bu ẹran kún ẹran. Onígbàjámọ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ẹtì. Ọlọ́pàá tó dá a dúró nítorí eré àsápajúdé á kàn sọ fún un pé kó rọra. Arúgbó tí kò mọ̀ rí á na ọwọ́ sí i ní ilé epo, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á sọ pé òun náà wọ nọ́ńbà kan náà yẹn nígbà èwe òun. Gbogbo wọn á wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Orúnkún yẹn ńkọ́?" Kò sí èyí tó ń halẹ̀ mọ́ ọn nínú wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí ọmọ náà bá fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti pinnu pé orúnkún òun kò dun òun mọ́.

Kí ẹ tó bá wọn wí, ẹ wo ohun tó kù nínú ìlú náà. Reluwé ti dẹ́kun àtidúró níbẹ̀. Oko òwú tó ń gba ọgbọ̀n ènìyàn tẹ́lẹ̀, awakọ̀ katakata méjì ló ń ṣe é báyìí. Epo rọ̀bì máa ń wá, á tún lọ, àwọn tó bá epo wá á bá epo lọ. Ilé ìwòsàn ti kó lọ sí ìlú ńlá. Ilé ìwé ló kù, òun ló ń gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù jù, òun nìkan ni ibi tí ọlọ́rọ̀ àti tálákà, Mẹ́síkò àti òyìnbó, ti ń rí ojú ara wọn. Bí iye ọmọ bá sì wá kéré jù, wọ́n á da ilé ìwé náà pọ̀ mọ́ ti ìlú mìíràn, orúkọ ìlú á kúrò lára aṣọ agbábọ́ọ̀lù, kò sì ní pẹ́ kó kúrò lẹ́nu ènìyàn. Àwọn àgbà ibẹ̀ ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka iye ọmọkùnrin tó wà ní kíláàsì kẹfà, bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní homecoming ni ẹ ó ti rí i dáadáa. Àwọn ọmọ ìlú tó ti lọ sí Dallas àti Houston á padà wálé. Àwọn ọmọbìnrin á so òdòdó aláwọ̀ ilé ìwé mọ́ àyà, òdòdó aṣọ tó tóbi tó àwo oúnjẹ, tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù àti agogo wẹ́wẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ títí ó fi ń wọ́ nílẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín rẹ̀ àti ọdún ìbílẹ̀ tiwa: ìlù wà, àwọ̀ wà, oríkì ìlú wà. Ẹni tó bá bá mi dúró sẹ́yìn ìlà á tún rí ohun tí àwọn èrò kò rí, bí òógùn ṣe ń dà wọ̀ọ̀ lára ẹni tó gbé ẹ̀kú.

Ìjọba pàápàá mọ̀ pé nǹkan yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1961, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1966, kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ NFL, àjọ bọ́ọ̀lù àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́, máa gbé eré wọn sórí tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní sáà bọ́ọ̀lù, kí wọ́n má baà gba èrò lọ́wọ́ àwọn ilé ìwé. Ní 2000, ọ̀rọ̀ àdúrà tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Santa Fe, ní Texas níbí, dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ sì ní kò bá òfin mu. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ ni ti Gómìnà Mark White. Ní 1984, wọ́n ṣe òfin àtúnṣe ẹ̀kọ́ ní Texas, tí Ross Perot olówó ṣáájú ìgbìmọ̀ tó dá a lábàá. Òfin náà sọ pé ọmọ tí kò bá gba 70 nínú iṣẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ bá wọn kópa nínú eré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Owó oṣù olùkọ́ lọ sókè lábẹ́ òfin kan náà, iye ọmọ inú kíláàsì kéékèèké sì dín kù. Ta ló rántí ìyẹn? Ní 1986, wọ́n dìbò lé White kúrò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Texas sì gbà títí dòní pé ìbínú àwọn kóòṣì àti àwọn òbí wà lára ohun tó gbé e ṣubú. Ní 1995, wọ́n sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di mẹ́ta. Òfin náà ṣì wà, lójú tèmi ó dára, nítorí mo ti rí ọmọ tó jẹ́ pé torí rẹ̀ nìkan ló fi ṣí ìwé ìṣirò.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo ìlú ló ti ń jókòó pọ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé ìwé aláwọ̀ dúdú ní àjọ eré tiwọn lọ́tọ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Prairie View, títí di òpin àwọn ọdún 1960. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, pápá kan náà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ló ni ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ ni tiwọn. Ní Odessa, ó di 1982 kí wọ́n tó ti ilé ìwé Ector, tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Mẹ́síkò ń lọ, tí wọ́n sì pín àwọn ọmọ náà sí ilé ìwé yòókù. Àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan tó ń bá wa fa ṣéènì ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá sọ fún mi pé ìgbà tí òun mọ bọ́ọ̀lù í gbá jù, òun kò gbá a lọ́jọ́ Ẹtì rí.

Ibi tí ẹrù yìí ti wúwo jù kì í ṣe Odessa rárá. Ibi tí wọ́n ti ń gbá ti ẹlẹ́ni mẹ́fà ni. Stephen Epler, olùkọ́ kan ní Nebraska, ló dá a sílẹ̀ ní 1934, nígbà tí ọwọ́ ti há mọ́ gbogbo ayé, kí àwọn ilé ìwé tí kò ní ọmọkùnrin mọ́kànlá lè rí nǹkan gbá. Pápá náà kéré, yáàdì 80 ní gígùn àti 40 ní ìbú. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló lè gba bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì fi àmì ayò 45 ṣáájú lẹ́yìn ìsinmi, eré parí. Ní Texas, ilé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ ló ń gbá a. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ilé ìwé tó ní ọmọkùnrin mọ́kàndínlógún, tí mẹ́jọ nínú wọn ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ṣòro fún ọmọ láti jókòó síta níbẹ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù náà ń gbá a, nítorí bí kò bá gbá a, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní lè gbá.

Irú ibẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ kan tí ọmọ kan forí gbá orúnkún ẹlòmíràn. Ó dìde fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì ló kọjú sí. Mo mú un wá sẹ́yìn ìlà. A ní àyẹ̀wò tí a máa ń ṣe fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá mì: kó ka oṣù inú ọdún láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú ojú dídì, kó sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí mo bá kà fún un padà fún mi. Mo ka ọ̀rọ̀ mi. Ó wò mí lójú, ó dá mi lóhùn wẹ́rẹ́ láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo kà ló sọ. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí mo lò fún un lọ́dún tó kọjá ni. Ó ti há wọn sórí de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gba akoto rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ tábìlì mi, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ń gbé akoto pamọ́, nítorí bí ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí ọmọ tó ní akoto lọ́wọ́, ẹ ó rí i láàárín pápá.

Ọmọ méjì ti fara pa kí tirẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Ó ku márùn-ún. Bàbá rẹ̀ wá bá mi, kò pariwo. "Doc, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé ire ọmọ mi lẹ̀ ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn yòókù." Mo wò wọ́n, wọ́n ń wò mí. Àwọn kóòṣì méjèèjì sọ̀rọ̀, wọ́n dá eré náà dúró, ìlú kó àga rẹ̀, ó lọ sílé. Ẹnì kan kò bú mi. Àmọ́ nígbà tí mo yà mu kọfí ní ìlú náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń tà á gba owó lọ́wọ́ mi. Kì í gbà á tẹ́lẹ̀. Dọ́là kan àti àádọ́ta sẹ́ǹtì ni, n kò lè sọ bó ṣe dùn mí tó, èmi àgbàlagbà tó ní iṣẹ́ àti ilé ní ibòmíràn. Ẹ wá fi í sí ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò mọ ìlú kankan yàtọ̀ sí ibẹ̀.

Òfin ni mo fi ń bojú. Láti 2011 ni Texas ti ní èyí tí wọ́n ń pè ní Òfin Natasha: ọmọ tí a bá fura pé ọpọlọ rẹ̀ mì, kò gbọ́dọ̀ padà sínú eré lọ́jọ́ náà, ó sì di ìgbà tí dókítà bá fọwọ́ sí i lẹ́yìn náà. Bí bàbá kan bá dé, mo lè sọ pé kì í ṣe èmi o, ìjọba ìpínlẹ̀ ní Austin ló ní kí n má gbà. Inú mi sì máa ń dùn láti sọ fún wọn pé ọmọ Nàìjíríà ni Bennet Omalu, oníṣègùn tó kàwé ní Nsukka, tó yẹ ọpọlọ Mike Webster, agbábọ́ọ̀lù NFL tẹ́lẹ̀, wò ní Pittsburgh ní 2002, tó sì rí ohun tí ìkọlù ọdún pípẹ́ ti dá sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti wo fíìmù rẹ̀. Wọ́n á mi orí. Wọ́n á tún béèrè pé ṣé ọmọ náà á lè gbá ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ẹ má baà rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe é: nọ́ọ̀sì kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí mò ń lọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó bí ọmọkùnrin kan tó ga tó férémù ilẹ̀kùn. Kóòṣì gbé páì èso lọ sílé rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "Bùọ̀dá, wọ́n ní ọmọ mi ní ara bọ́ọ̀lù. Ṣé ara ni mo bí fún wọn ni?" Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Mo ní lóòótọ́ ni àwọn ọmọ wa ti dé NFL, Adewale Ogunleye, Akin Ayodele. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń gbá a ní ilé ìwé girama, àwọn tó ń gbá a dé yunifásítì kò pé mẹ́jọ. Ó ní òun ti gbọ́, ìwé ni òun fẹ́. Nígbà tí mo tún fi dé ìlú náà, pátákó ti wà níwájú ilé rẹ̀. Aládùúgbò tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ti ń ké sí i láti òdìkejì títì. Ní pápá, ìyá yìí ló pariwo jù. Bí ọmọ náà sì ti fi ọrùn ọwọ́ ṣèṣe, èmi rò pé òun ló máa ní kó jókòó. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá mi di téèpù mọ́ ọn dáadáa." N kò dá a lẹ́bi. Ọdún mélòó ni ènìyàn fẹ́ gbé ní ìlú kan kí wọ́n tó máa pe orúkọ rẹ̀?

Ti kóòṣì kò gba àlàyé gígùn. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní òwúrọ̀, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì, òun ló ń fọ aṣọ. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kì í ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Èyí tó dára nínú wọn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé ta ni kò gbọ́dọ̀ gbá, á sì fa orúkọ rẹ̀ yọ láìjiyàn. Èyí tí kò dára kì í béèrè.

N kò fẹ́ kí bọ́ọ̀lù yìí parí. Mo ti rí ọmọ tí kò ní bàbá tó rí bàbá mẹ́wàá níbẹ̀, mo sì ti rí ìlú tó dá owó ìsìnkú jọ ní ẹnu ọ̀nà pápá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí mò ń wá ni ẹnì kan, ní gbogbo ilé ìwé, tí owó rẹ̀ kò ti ọwọ́ ìlú wá, tí ìlú kò lè fi kọfí mú, tó lè di akoto mú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwé wọ̀nyí ni kò ní in. Lọ́jọ́ tí mo bá wà ní ọ̀kan, àwọn yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù láìsí ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀kan nínú wọn, ìgbìmọ̀ ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ra pátákó àmì ayò oníná tuntun. Mo lọ sí ìpàdé wọn, mo ní kí àwọn ilé ìwé mẹ́ta tó wà nítòsí ara wọn dá owó jọ pẹ̀lú ilé ìwòsàn, kí wọ́n gba ẹnì kan sí i fún sáà bọ́ọ̀lù nìkan. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi, wọ́n fún mi ní kéèkì, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé wá. Mo ti kọ ọ́. Ó ti wà lọ́wọ́ wọn láti oṣù kẹta, ìdánrawò oṣù kẹjọ sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.